Wi-Fi kì í ṣe íntánẹ́ẹ̀tì: ẹ yéé fi owó dátà ra ohun tó wà nínú ọgbà yín

  

Ọ̀rọ̀ òní gùn díẹ̀, ó sì lè bí àwọn kan nínú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kà á dé ìparí kẹ́ ẹ tó bú wa.

Láti ìgbà tá a ti sọ ọ́ pé a gbé kọ̀ǹpútà kékeré kan sínú ọgbà ẹja wa ní Òkè-Afá, tó ń fún wa ní Wi-Fi tiwa láìra dátà, èsì mẹ́ta la máa ń gbọ́. Àwọn kan á ní: "Wi-Fi tí ò ní íntánẹ́ẹ̀tì, kí lèèyàn fẹ́ fi ṣe?" Àwọn mìíràn á ní: "Iṣẹ́ àwọn ọmọ kọ̀ǹpútà nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́ àgbẹ̀." Àwọn tó kù á ní: "Ẹ ra MiFi, kẹ́ ẹ sanwó app, kí wàhálà tán."

A ti dákẹ́ títí. Lónìí, a ó dá wọn lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ká tó débẹ̀, ẹ jẹ́ ká sọ ohun tójú wa rí.

OHUN TÓ ṢẸLẸ̀ SÍ WA

Àwa mẹ́fà la jọ ń lo ọgbà kan. Pọ́ǹdù onísìmẹ́ńtì wà níbẹ̀, ti tàpólì náà wà níbẹ̀, àwọn kan nínú wa sì tún ń sin adìẹ lẹ́yìn ọgbà. Kò sẹ́ni tó ń sùn síbẹ̀ nínú wa. Àwọn ọmọ tó ń bá wa ṣiṣẹ́ ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn: ti àárọ̀ lọ, ti ìrọ̀lẹ́ dé. Ẹni tó bá mọ ẹja àrọ̀ á mọ̀ pé ohun tó léwu jù nínú irú ètò yìí ni kí ẹni tó dé má mọ ohun tí ẹni tó lọ ti ṣe.

Nígbà kan, ilé iṣẹ́ kan wá bá wa pé àwọn ní app tó ń gba àkọsílẹ̀ oko. Oṣooṣù la ó máa sanwó. Ó dáa lójú, àwòrán ẹja wà lára ẹ̀, gbogbo wa sì gbà. A kó gbogbo ìṣirò wa sínú ẹ̀: iye ọmọ ẹja tá a kó sómi, iye fíìdì, ọjọ́ tá a pààrọ̀ omi, iye tó kú.

Ó wá di ọjọ́ kan, owó oṣù tán, a ò tíì san òmíràn. Lọ́jọ́ yẹn gan-an, ọmọ tó ṣiṣẹ́ àárọ̀ rí i pé òjò ńlá ń ṣú bọ̀, ó bá tètè fún ẹja ní oúnjẹ ìrọ̀lẹ́, ó sì kọ ọ́ sínú fóònù ẹ̀ kó tó lọ. Àkọsílẹ̀ náà ò dé ibì kankan. Ẹni ìrọ̀lẹ́ dé, ó wo fóònù tiẹ̀, kò rí nǹkan kan. Ó ṣe ohun tí ọmọ tó mọṣẹ́ máa ṣe: ó fún ẹja lóúnjẹ.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ẹja mọ ìyókù. Oúnjẹ tí wọn ò jẹ tán rì sísàlẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, ammonia gba inú omi. Ẹja àrọ̀ lè yọrí síta gba atẹ́gùn lókè omi, ìyẹn ló fi le ju ẹja mìíràn lọ, ṣùgbọ́n kò sí bó ṣe lè sá fún omi tó ti di májèlé lára ẹ̀. Nígbà tá a fi máa dé níjọ́ kejì, àwọn ọmọ ẹja tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó sí pọ́ǹdù tàpólì kan ti dà ikùn délẹ̀. Èyí tó kú lé ní igba.

Èyí tó dùn wá jù kọ́ nìyẹn o. Èyí tó dùn wá jù ni pé nígbà tá a ní kí wọ́n fún wa ní àkọsílẹ̀ wa ká lè mọ ibi tí nǹkan ti wọ́, wọ́n ní ká kọ́kọ́ sanwó oṣù. Àkọsílẹ̀ tiwa o! Èyí tá a fi ọwọ́ ara wa kọ, lórí ẹja tá a fi owó ara wa rà.

Ẹnì kan á ní: "Ìwé ńkọ́?" Ìbéèrè tó dáa ni. Ìwé wà. Òjò ti pa apá kan ẹ̀, ẹnì kan ti ya ojú ewé kan fi di ẹ̀pà, ọmọ kan sì ti gbé e lọ sílé nínú àpò. A ò sọ pé ìwé ò dáa, àní a ṣì ń lò ó títí dòní. Ṣùgbọ́n èèyàn mẹ́fà ò lè ka ìwé kan ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà, ìwé ò sì lè ro iye fíìdì oṣù mẹ́ta fún yín ní ìṣẹ́jú kan.

ÈSÌ ÀKỌ́KỌ́: "WI-FI TÍ Ò NÍ ÍNTÁNẸ́Ẹ̀TÌ, KÍ LÈÈYÀN FẸ́ FI ṢE?"

Ẹ jẹ́ ká bi yín ní ìbéèrè kan. Ta ló ń san owó tóòlù láti pọ́ǹdù dé yàrá fíìdì?

Kò sí. Ọ̀nà inú ọgbà yín ni. Ìgbà tẹ́ ẹ bá jáde sí títì márosẹ̀ ni ẹlòmíràn tó lè ní kẹ́ ẹ sanwó.

Bí Wi-Fi ṣe rí gan-an nìyẹn. Wi-Fi ni ọ̀nà inú ọgbà, tó so fóònù yín mọ́ àpótí kan tó wà nítòsí. Íntánẹ́ẹ̀tì ni títì tó jáde lọ sí Èkó, sí Lọ́ńdọ̀nù, sí Amẹ́ríkà. Wọ́n ti so méjèèjì pọ̀ fún wa tó bẹ́ẹ̀ tá a fi rò pé nǹkan kan náà ni wọ́n. Wọn kì í ṣe nǹkan kan náà. Bí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ kà bá wà nínú àpótí tó wà nínú ọgbà yín, ẹ ò nílò káńtà kan dátà láti kà á.

Ẹ wá wo ohun tí à ń ṣe báyìí. Ọmọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́ǹdù kọ ọ́ pé òun ti fún ẹja lóúnjẹ. Ọ̀rọ̀ yẹn gbéra ní Òkè-Afá, ó gba ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tẹlifóònù, ó jáde lọ sí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn tó lè wà ní òkè òkun, ó tún padà wá sí Òkè-Afá, kí ọmọ mìíràn tó dúró sí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá sí i tó lè rí i. A sì ń sanwó àlọ, a ń sanwó àbọ̀. Ṣé orí pé nìyẹn?

Owó náà ò sì dúró lójú kan. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i pé kí àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù lè fi tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún lé owó wọn. Gbogbo wa la mọ bí nǹkan ṣe rí lẹ́yìn ìyẹn.

Bẹ́ ẹ tiẹ̀ lówó lọ́wọ́, ẹ ò lè fi owó tún wáyà abẹ́ òkun ṣe. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn wáyà tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sí apá ibí yìí, ìyẹn WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne, bàjẹ́ lábẹ́ òkun níwájú Côte d'Ivoire. Ẹ rántí bó ṣe rí ní báńkì lọ́jọ́ yẹn? Ẹ rántí bí owó tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ ṣe ń yí róbótó lójú fóònù tí kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí? Ẹja ò mọ̀ pé wáyà já ní Abidjan. Ó fẹ́ jẹun ní aago mẹ́fà bó ṣe máa ń ṣe.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní Wi-Fi aláìní íntánẹ́ẹ̀tì ò wúlò, ẹ bi í: ṣé kànga inú ilé ẹ̀ ò wúlò nítorí pé kò so mọ́ páìpù ìjọba?

ÈSÌ KEJÌ: "IṢẸ́ ÀWỌN ỌMỌ KỌ̀ǸPÚTÀ NI"

Àwa tá à ń fún ẹja lábẹ́rẹ́ kó lè yé, tá à ń ka wákàtí ká tó fún ẹyin ẹ̀ jáde? Àwa tá a mọ ọjọ́ tó yẹ kí adìẹ gba Gumboro àti ọjọ́ tó yẹ kó gba Lasota? Kẹ́nì kan wá sọ pé ìlà ọ̀rọ̀ mẹ́rin márùn-ún lórí kọ̀ǹpútà ló máa pa wá? Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ jàre.

Kọ̀ǹpútà tá à ń sọ yìí, Raspberry Pi ni. Ìlú òyìnbó ló ti wá, ní Cambridge, ọdún 2012 sì ló kọ́kọ́ jáde. Pátákó kan ṣoṣo ni, kò ju káàdì báńkì lọ ní fífẹ̀. Láti ọdún 2016 tí Raspberry Pi 3 ti jáde ni Wi-Fi ti wà lára ẹ̀. Èyí tó kéré jù tó máa ṣe iṣẹ́ yìí dáadáa ni Zero 2 W, tó jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2021 ní dọ́là 15. Ẹ má retí iye yẹn ní Computer Village ní Ìkẹjà o, nítorí owó ọkọ̀ àti èrè oníṣòwò máa gorí ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣírò iye tẹ́ ẹ ń san fún dátà àti app lọ́dún kan, kẹ́ ẹ fi wé e. Àwa mẹ́fà la dáwó ra tiwa, kò sì sẹ́ni tó pariwo.

Ẹ wá gbọ́ bá a ṣe ṣe é. Kí àwọn tó ní ọmọ tó mọ kọ̀ǹpútà díẹ̀ nílé pè é kó wá jókòó tì yín.

1. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì ṣì wà (ẹ yá a fún wákàtí kan), ẹ kọ Raspberry Pi OS tuntun sórí káàdì ìrántí, kẹ́ ẹ sì gba gbogbo ohun tẹ́ ẹ máa nílò sórí ẹ̀.

2. Ẹ sọ orílẹ̀-èdè yín fún un. Ẹ tẹ sudo raspi-config, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń yan orílẹ̀-èdè fún Wi-Fi, kẹ́ ẹ mú NG. Bẹ́ ẹ ò bá ṣe èyí, Wi-Fi rẹ̀ lè wà ní títì pa, ẹ ó sì máa rò pé ó ti bàjẹ́.

3. Ẹ so kíbọọ̀dù àti ojú tẹlifíṣọ̀n mọ́ ọn, tàbí kẹ́ ẹ fi wáyà so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mìíràn. Ẹ má gba orí Wi-Fi wọlé sínú ẹ̀ láti ṣe iṣẹ́ yìí. Wi-Fi kan ṣoṣo ló ní. Bó bá ti sọ ọ́ di ibùdó, ó máa já yín dànù. Ẹ̀ka igi tẹ́ ẹ jókòó lé lẹ ń gé yẹn.

4. Ẹ tẹ èyí, kẹ́ ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣínà tiyín rọ́pò èyí tó wà níparí:

sudo nmcli device wifi hotspot ifname wlan0 con-name ogba ssid OGBA-EJA password "oro-asina-tiyin"

5. Ẹ sọ fún un pé kó máa tan fúnra ẹ̀ nígbàkígbà tí NEPA bá mú iná dé, kó má sì lọ lẹ̀ mọ́ Wi-Fi ẹlòmíràn tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀:

sudo nmcli connection modify ogba connection.autoconnect yes connection.autoconnect-priority 100

6. Ní àdúgbò tí ilé fún pọ̀ mọ́ra bíi Jakande Estate, Wi-Fi àwọn aládùúgbò á máa gba ọ̀nà lọ́wọ́ tiyín. Ẹ mú ọ̀kan nínú ọ̀nà 1, 6 tàbí 11, èyí tí èrò ò pọ̀ níbẹ̀:

sudo nmcli connection modify ogba 802-11-wireless.band bg 802-11-wireless.channel 6

7. Ẹ pa á, kẹ́ ẹ tún un tàn.

Ó parí. Fóònù yín á rí OGBA-EJA. Kọ̀ǹpútà náà fúnra ẹ̀ á máa jẹ́ 10.42.0.1. Ẹ ṣí Chrome, ẹ tẹ http://10.42.0.1 pẹ̀lú http iwájú ẹ̀, ẹ ó sì rí ohunkóhun tẹ́ ẹ bá gbé síbẹ̀. Tiwa jẹ́ ojú ewé kan pẹ̀lú tábìlì: pọ́ǹdù wo, ta ló fún wọn lóúnjẹ, kílò mélòó, aago mélòó, mélòó ló kú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kan tó wà ní yunifásítì ló ṣe é fún wa láàárín ọjọ́ méjì.

Ìkìlọ̀ kan o: ọ̀pọ̀ ìlànà tẹ́ ẹ máa rí níta ló ti gbó. Wọ́n á ní kẹ́ ẹ lọ kọ nǹkan sínú hostapd, sínú dnsmasq, sínú dhcpcd. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀ nìyẹn. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2023 tí Raspberry Pi OS tí wọ́n ń pè ní Bookworm ti jáde, NetworkManager ló ń darí Wi-Fi. Bẹ́ ẹ bá po méjèèjì pọ̀, ẹ ó fi ọjọ́ mẹ́ta ṣòfò bíi tiwa. Ẹ má fi ìlànà abẹ́rẹ́ ewúrẹ́ gún adìẹ.

IBI TÍ GBOGBO ÈÈYÀN TI Ń ṢÌNÀ

Lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ tan Wi-Fi wa, ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ fún wa so fóònù ẹ̀ mọ́ ọn, fóònù ní: "No internet." Ó wò wá lójú, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ó ti bàjẹ́ o."

Kò bàjẹ́. Òótọ́ ni fóònù sọ. Kò sí íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀ lóòótọ́, a ò sì fẹ́ kó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n fóònù ti kọ́ wa láti máa bẹ̀rù ọ̀rọ̀ yẹn. Á bi yín bóyá kóun dúró tàbí kóun padà sórí dátà. Ẹ ní kó dúró. Bó bá tún ń sá lọ, ẹ pa dátà fóònù ná, ẹ ó rí i pé ojú ewé á ṣí wàràwàrà ju ti ìgbàkígbà lọ.

Ó dá wa lójú pé ohun tó mú kí àwọn èèyàn pa irú ẹ̀rọ yìí tì kò ju ọ̀rọ̀ méjì yẹn lọ. Wọ́n rí "No internet", wọ́n ka á sí àìsàn.

ÀṢÌṢE TIWA, KẸ́ Ẹ MÁ BÀÁ TÚN UN ṢE

A kì í fi ohun tó ṣe wá pamọ́.

Ọ̀rọ̀ aṣínà: ẹyọ mẹ́jọ ló kéré jù tí ẹ̀rọ máa gbà. A kọ́kọ́ lo 12345678. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ọmọ aládùúgbò kan fi wọlé, tó kọ ọ́ sínú àkọsílẹ̀ pé pọ́ǹdù kẹta jẹ kílò 900 lọ́jọ́ kan. A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rù bà wá. Ká ní ó pa gbogbo ẹ̀ rẹ́ ńkọ́? Ẹ lo gbólóhùn gígùn tí ẹnikẹ́ni ò lè méfò. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀rọ àtijọ́ lẹ rà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹ tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀, torí pé kí wọ́n tó yí i padà ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, orúkọ "pi" àti ọ̀rọ̀ aṣínà "raspberry" ló máa ń wà lára gbogbo wọn. Gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n.

Aago: èyí ló jọ wá lójú jù. Irú Pi tá a rà ò ní bátìrì aago nínú. Íntánẹ́ẹ̀tì ló fi máa ń mọ ọjọ́. Bí kò bá sí íntánẹ́ẹ̀tì, tí NEPA sì mú iná lọ fún wákàtí mẹ́wàá, bó bá ti tàn padà, á rò pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ló kọjá. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, àkọsílẹ̀ wa ti fi ọjọ́ mẹ́rin rẹ̀yìn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ọjọ́ Lasota nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ á pa adìẹ ẹ̀. Ẹ ra aago kékeré kan tí wọ́n ń pè ní DS3231 mọ́ ọn, kò wọ́n, ó ní bátìrì tiẹ̀.

Iná: bí iná bá ń já lójijì, káàdì ìrántí lè bàjẹ́ nígbàkígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń kọ nǹkan sórí ẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ̀rọ náà ò jẹ iná púpọ̀, kò tó gílóòbù wáàtì 10, nítorí náà bátìrì àti sólà kékeré tó ń tan iná ọgbà lè gbé e. Ṣùgbọ́n ẹ fún un ní ṣájà tó lágbára, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà nínú gósíló. Gbogbo ọjọ́ Àìkú la sì máa ń da àkọsílẹ̀ sórí fláàṣì, kí ẹnì kan gbé e lọ sílé.

Páànù: a kọ́kọ́ fi í sínú àpótí irin kí olè má bàá rí i. Wi-Fi ò kọjá ìloro. Irin àti páànù máa ń dínà fún un. Ẹ fi í sínú àpótí oníke, kẹ́ ẹ gbé e ga, kó kọjú sí pọ́ǹdù. Ẹ má sì retí pé ogún fóònù máa so mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan náà. Fóònù mẹ́fà méje ò ni ín lára.

ÈSÌ KẸTA: "Ẹ RA MIFI, KẸ́ Ẹ SANWÓ APP"

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí.

A ò bá MiFi jà. A ò sì bá ẹni tó ń ta app jà bó bá jẹ́ olóòótọ́. Ohun tí à ń bá jà ni kí àgbẹ̀ máa san owó oṣù lórí àkọsílẹ̀ ara ẹ̀, kó sì pàdánù ẹ̀ lọ́jọ́ tí owó bá tán. Àkọsílẹ̀ lẹ fi ń mọ̀ bóyá ẹ jèrè tàbí ẹ gbèsè. Òun lẹ máa fi han báńkì bẹ́ ẹ bá fẹ́ yáwó. Òun ni dókítà ẹran máa kọ́kọ́ bèèrè bí àrùn bá wọlé. Ta ló máa ń kó kọ́kọ́rọ́ abà ẹ̀ fún ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ ẹ̀?

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ta app oko fún yín, ìbéèrè mẹ́ta ni kẹ́ ẹ bi í. Ṣé ó máa ṣiṣẹ́ bí kò bá sí dátà? Ṣé mo lè kó àkọsílẹ̀ mi jáde nígbàkígbà tó bá wù mí? Bí mi ò bá sanwó mọ́, ṣé mo ṣì lè ka èyí tí mo ti kọ? Bó bá ń wo ilẹ̀ níbi ìkẹta, ẹ dìde.

A mọ ohun tí àpótí wa ò lè ṣe. Kò lè pe dókítà. Kò lè gbé WhatsApp. Kò lè sọ iye tí wọ́n ń ta ẹja ní ọjà lónìí fún yín. Ẹ máa ra dátà fún ìwọ̀nyí, ó tọ́. Bó bá sì jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ wà lórí oko yín, tẹ́ ẹ ní pọ́ǹdù kan tàbí ogún adìẹ, ẹ má ra nǹkan kan. Ìwé àti bírò tó yín. A ò ní sọ fún yín láti náwó sórí ohun tẹ́ ẹ ò nílò. Ṣùgbọ́n ibi tí èèyàn mẹ́ta bá ti ń fọwọ́ kan ẹja kan náà, ibẹ̀ ni àpótí ti wúlò.

Ẹ̀YIN TẸ́ Ẹ Ń DÁ ÀGBẸ̀ LẸ́KỌ̀Ọ́, Ọ̀RỌ̀ YÍN LÓ KÀN

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ọlọ́sìn, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó àgbẹ̀ jọ sí gbọ̀ngàn, tẹ́ ẹ ń fún wọn ní fáńtà àti ìwé èdè òyìnbó, tẹ́ ẹ wá ń sọ níparí pé "ẹ lọ wo ìyókù lórí íntánẹ́ẹ̀tì." Dátà ta ni?

Fídíò ẹ̀kọ́ àgbẹ̀ wà lédè Yorùbá. Access Agriculture ní irú ẹ̀, wọ́n sì gba àwọn èèyàn láyè láti gbà á sílẹ̀. Kiwix wà, tó máa jẹ́ kẹ́ ẹ gbé odidi Wikipedia sórí káàdì ìrántí, kí èèyàn máa kà á láìsí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní ibi tí dátà wà. Ẹ gbé e sórí Pi kan. Ẹ gbé Pi náà sí àárín àwọn àgbẹ̀ yín, kí gbogbo wọn so mọ́ ọn, kí wọ́n wò ó, kí wọ́n sì gbé e sórí fóònù wọn lọ sílé láìná kọ́bọ̀. Ìyẹn ló ń jẹ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Èyí tẹ́ ẹ ń ṣe yẹn, ìpolówó fún ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ni.

Ọgbà wa ní Òkè-Afá ò tóbi. Ẹja ṣì ń kú lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, fíìdì ṣì wọ́n, òjò ṣì ń dẹ́rù bà wá nígbà tí omi bá ń kún. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí àpótí kékeré yìí ti wà lókè ògiri, kò tíì sí ọjọ́ tí ẹja jẹ oúnjẹ ìrọ̀lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ tó dé á wo fóònù, á rí i pé ẹni tó lọ ti ṣe é, á sì gba iṣẹ́ mìíràn mú. Dátà lè tán, wáyà lè já lábẹ́ òkun, ọ̀rọ̀ tó wà nínú ọgbà á ṣì wà nínú ọgbà.

Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ "No internet" lé yín kúrò lórí ohun tó jẹ́ tiyín.

Bẹ́ ẹ bá ti gbìyànjú ẹ̀, ẹ sọ ibi tó ti há yín lọ́rùn fún wa nísàlẹ̀, a ó dáhùn bá a bá ṣe mọ̀ ọ́n. Bẹ́ ẹ ò bá sì gbà pẹ̀lú wa, ẹ wí tẹnu yín, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ iye tẹ́ ẹ fi ra dátà oko lóṣù tó kọjá. Ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn ọlọ́sìn ẹlẹgbẹ́ yín.